Ẹ Fi Téèpù Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Yà Á: Kọ̀ǹpútà, Àtẹ̀gùn Ẹ̀yìnkùlé àti Ìlera Yín

   

Ní ọjọ́ Sátidé kan, bàbá kan tó máa ń ka ojú ìwé yìí dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn wa. Káfíńtà ni bàbá náà kí wọ́n tó fẹ̀yìntì, wọ́n sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, àwọn ọmọ ra kọ̀ǹpútà kan fún mi. Ọmọ-ọmọ mi ní mo lè máa fi ya àga àti tábìlì bí mo ṣe máa ń kàn wọ́n tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kọ́ ọ, àmọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè fún mi ti pọ̀ jù. Èwo ni kí n mú níbẹ̀? Ṣé kò ní ba ojú mi jẹ́? Ẹ sì wò ó, ọwọ́ mi yìí náà ti ń gbọ̀n."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Bàbá, ẹni tí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí lẹ̀ ń bi." Mo mọ̀ pé kì í ṣe bàbá yẹn nìkan ni ìbéèrè yìí wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn òbí náà wà tí ọmọ wọn máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí wọn ò mọ ohun tó ń yà níbẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ síbí lọ́sẹ̀ yìí.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ CAD?

CAD ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yìí. Kò ju pé kéèyàn fi kọ̀ǹpútà ya ohun tó fẹ́ kàn, tó fẹ́ mọ tàbí tó fẹ́ jó pọ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì pé pérépéré. Kì í ṣe àwòrán ẹwà bíi ti òdòdó tàbí ojú èèyàn. Bí ẹ bá ya àga níbẹ̀, kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ga ní ínǹṣì 17, kò lé, kò dín. Sọ́fúwíà ni wọ́n ń pe ohun tí a máa ń gbé sínú kọ̀ǹpútà kó lè ṣe iṣẹ́ kan pàtó. Èyí tó ń ya irú àwòrán báyìí ló pọ̀ lóríṣiríṣi, òun ló sì ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́kàn rú.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ohun àná. Ní 1963 ni Ivan Sutherland, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣe Sketchpad, tó jẹ́ kéèyàn lè fi kálàmù oníná fa ìlà sójú kọ̀ǹpútà. Ní 1982 ni AutoCAD jáde, tó gbé iṣẹ́ náà dé orí tábìlì àwọn ayàwòrán ilé. Iṣẹ́ olówó ni nígbà yẹn. Lónìí, ẹni tó ní kọ̀ǹpútà àlòkù lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nínú pálọ̀ rẹ̀.

OHUN TÓ GBÉ MI DÉ ÌDÍ RẸ̀

Màmá mi ti pé ẹni ọdún 78. Láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ilé wọn, àtẹ̀gùn méjì ló bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀kan ga ní ínǹṣì 9, èkejì ga ní ínǹṣì 6. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí àgbà nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sàmì sí èyí: àtẹ̀gùn tí gíga rẹ̀ kò dọ́gba léwu púpọ̀ fún àgbàlagbà. Ẹsẹ̀ máa ń há ìwọ̀n àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ sórí. Bí èyí tó tẹ̀lé e bá yàtọ̀, ẹsẹ̀ á ṣì í gbé, gbogbo ara á sì tẹ̀lé ẹsẹ̀ lọ. Ní wọ́ọ̀dù, mo ti rí àwọn màmá tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sí balùwẹ̀ láàárọ̀, tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ la fi ń tì wọ́n nírọ̀lẹ́. Kí eegun ìbàdí ṣẹ́ lára ẹni tó ń lọ sí ọgọ́rin ọdún kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré rárá.

Nítorí náà, mo pe káfíńtà kan. Mo ní kó bá mi fi pákó ṣe ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí màmá á máa gbà sọ̀ kalẹ̀ dípò àtẹ̀gùn. Ó bi mí pé, "Báwo ni kó ṣe gùn tó, mà?" Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ní, "Ṣáà jẹ́ kó gùn díẹ̀." Ẹ ò rí i pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi? Ó ṣe é ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Mo sanwó pákó, mo sanwó ìṣó, mo sanwó iṣẹ́. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, màmá mi gbẹ́sẹ̀ lé pákó náà, ó sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ títí wọ́n fi balẹ̀.

Ọlọ́run bá wa ṣe é, eegun kankan kò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni màmá kò fi dá dé ẹ̀yìnkùlé mọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni adìẹ wọn wà, ibẹ̀ ni ewédú wọn wà. Àgbàlagbà tí ẹ̀rù bá ń bà láti rìn, kò ní pẹ́ tí agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi máa lọ. Mo mọ èyí gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì, ìdí nìyẹn tí oorun kò fi kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Alẹ́ yẹn ni mo lọ bá ọmọ mi ọkùnrin nídìí kọ̀ǹpútà. Ọmọ ọdún 16 ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, ojoojúmọ́ ni mo ń pariwo mọ́ ọn pé kó dìde nídìí nǹkan yẹn, kó lọ kàwé. N kò mọ̀ pé àpótí ìjókòó àti kọ́bọ́ọ̀dù ló ń yà. Mo fa àga, mo ní, "Ó yá, kọ́ mi."

ILÉ LÀ Ń WÒ KÍ A TÓ SỌMỌ LÓRÚKỌ

Ọmọ mi kọ́kọ́ gbé èyí tó lágbára jù fún mi. Kọ̀ǹpútà wa tó jẹ́ àlòkù kò lè gbé e. Ṣe ló ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí fáànù inú rẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ní ọjọ́ kejì, a bọ́ sórí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Dátà tán lágbedeméjì iṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, a tún gbé òmíràn, ní ọjọ́ kẹrin, òmíràn. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, n kò tíì fa ìlà kan tó wúlò. Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Mẹ́rin lèmi lé.

Ìgbà náà ni mo wá bi ara mi ní ìbéèrè tó yẹ kí n kọ́kọ́ bi. Kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ yà? Àtẹ̀gùn ni. Ṣé ó di dandan kí n lè yí àtẹ̀gùn po lójú kọ̀ǹpútà, kí n máa wò ó níwá lẹ́yìn? Rárá. Bí mo bá ti yà á láti ẹ̀gbẹ́, bí ìgbà téèyàn gé búrẹ́dì sí méjì tó ń wo inú rẹ̀, bíríkìlà á mọ ohun tí mo ń wí. Nítorí náà, àwòrán pẹlẹbẹ ti tó mi. LibreCAD ni mo mú, mi ò sì wo ẹ̀gbẹ́ mọ́.

Kí ẹ̀yin náà tó mú ọ̀kan, ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí. Èkíní, kí lẹ fẹ́ kọ́kọ́ yà? Èkejì, báwo ni kọ̀ǹpútà yín ṣe lágbára tó? Ẹ̀kẹta, ṣé dátà àti iná máa ń wà lọ́dọ̀ yín nígbà gbogbo? Lẹ́yìn náà, ẹ wá wo àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ yìí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Tinkercad ló rọrùn jù, òun ló sì dáa jù fún ọmọdé. Ọ̀fẹ́ ni. Ó jáde ní 2011, ilé iṣẹ́ Autodesk, tí wọ́n ṣe AutoCAD, sì rà á ní 2013. Ṣe lẹ máa ń kó àpótí, òpó àti bọ́ọ̀lù jọ pọ̀, bí ọmọdé tó ń fi amọ̀ mọ nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ lu ihò síbì kan, ẹ óò fi ọ̀kan gbẹ́ èkejì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́.

LibreCAD wà fún àwòrán pẹlẹbẹ, bí èyí tí à ń yà sórí pépà. Ọ̀fẹ́ ni, kò wúwo, kọ̀ǹpútà àtijọ́ lè gbé e. Bí ẹ bá ti fà á wálẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, kò nílò dátà mọ́. Ó wúlò fún àtẹ̀gùn, fèrèsé onírin, géètì àti pákó tí ẹ fẹ́ gé.

Sweet Home 3D wà fún ẹni tó fẹ́ to ilé. Ẹ óò ya yàrá, ẹ óò wá gbé bẹ́ẹ̀dì, àga àti fíríìjì síbi tó wù yín, ẹ óò sì rí i bíi pé ẹ dúró nínú rẹ̀. Òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè kọjá láàárín bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù.

SketchUp, tó jáde ní 2000, tó sì wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Trimble láti 2012, dùn ún lò fún àga, tábìlì àti ilé. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún ìlò ara ẹni ni, kì í ṣe fún iṣẹ́ tí ẹ óò gbowó lé lórí.

FreeCAD ni mo bá bàbá káfíńtà yẹn yàn. Ọ̀fẹ́ ni, kò nílò dátà lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sínú kọ̀ǹpútà. Ó le díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ láti ìgbà tí ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ẹwà rẹ̀ ni pé bí ẹ bá yí nọ́ńbà kan padà, àwọn ibi tí ẹ ti so mọ́ nọ́ńbà náà á yí tẹ̀lé e. Bí ẹ bá ti ya tábìlì, tí oníbàárà wá ní kó ga sí i ní ínǹṣì 2, ẹ kò ní tún un yà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti kan tábìlì fún ogójì ọdún á mọ ìtùnú tó wà nínú ìyẹn.

Fusion lágbára gan-an. Wọ́n ń fún ẹni tó ń fi ṣe ìgbafẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ 10 péré lẹ lè ṣí sílẹ̀ fún àtúnṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lẹ́mìí. Onshape náà ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ gbogbo ayé ló lè rí ohun tí ẹ bá yà sínú èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. AutoCAD fúnra rẹ̀, owó gọbọi ni, ẹni tó ń ṣe ìgbafẹ́ kò nílò rẹ̀ rárá.

Ìkìlọ̀ kan rèé, ẹ jọ̀wọ́. Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ fi fláàṣì gbé sọ́fúwíà olówó ńlá tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ sá fún un. Olè jíjà ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì máa ń gbà wọlé. Ọmọ àbúrò mi kan gba irú ẹ̀ rí. Àwọn fọ́tò ìsìnkú bàbá wọn tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà, kò rí ẹyọ kan yọ níbẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi jíjí ṣe nígbà tí ọ̀fẹ́ tó dáa wà nílẹ̀?

BÍ MO ṢE KỌ́ Ọ

Mo kọ́kọ́ fi téèpù wọn ẹ̀yìnkùlé màmá mi, mo sì fi bírò yà á gátagàta sórí pépà. Láti ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ínǹṣì 15. Láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ilé ìdáná, ẹsẹ̀ bàtà 9. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọn ibi kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jókòó ti kọ̀ǹpútà láì ní pépà ìwọ̀n yín lọ́wọ́, torí àwòrán tó dára lórí ìwọ̀n irọ́ á kàn sọ irọ́ náà di ńlá ni.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ mi rèé. Mo tẹ 15 fún gíga àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, n kò rí nǹkan kan ju àmì kékeré bí orí ìṣó lọ. Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Mìlímítà ni kọ̀ǹpútà ń kà, èmi ń ro ínǹṣì. Àtẹ̀gùn tí mo yà, èèrà nìkan ló lè gùn ún! Ẹ fi sọ́kàn pé ínǹṣì 1 jẹ́ mìlímítà 25.4. Kí ẹ tó fa ìlà kankan, ẹ wo irú ìwọ̀n tí sọ́fúwíà yín ń lò, ẹ sì mú ẹyọ kan. Ínǹṣì 15 mi yẹn, mìlímítà 381 ló yẹ kó jẹ́.

N kò kọ́ gbogbo ohun tó wà nínú sọ́fúwíà náà. Nǹkan mẹ́fà péré ni mo kọ́: fífa ìlà, yíya onígun mẹ́rin, gbígbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn, ṣíṣe ẹ̀dà rẹ̀, gígé ìlà tó bá gùn jù, àti kíkọ ìwọ̀n sí ara àwòrán. Fídíò olùkọ́ kan ṣoṣo ni mo wò. Bí ẹ bá ń wo olùkọ́ mẹ́ta, ẹ óò gbọ́ ọ̀nà mẹ́ta, orí yín á sì dàrú. Ìṣẹ́jú 40 ni mo ń lò lálẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́. Mo ń fi iṣẹ́ pamọ́ ní gbogbo ìgbà nítorí iná, mo sì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú fláàṣì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí. Díẹ̀díẹ̀ ni eku ń jawọ.

Ẹ ra máòsì tó ní táyà láàárín. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá ń fi ìka fa ojú láptọ́ọ̀pù ya irú àwòrán yìí, ìka rẹ̀ á ro ó, ọkàn rẹ̀ á sì tètè kúrò nídìí rẹ̀.

ÀWÒRÁN NÁÀ NÍ RÁRÁ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà rèé. Ohun tí mo fẹ́ yà kì í ṣe àtẹ̀gùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo ṣì ní lọ́kàn, èyí tó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà fún ibi tí kẹ̀kẹ́ aláìsàn máa gbà ni pé bí ó bá ga ní ínǹṣì 1, kó gùn ní ínǹṣì 12. Mo ya ẹnu ọ̀nà, mo ya ilẹ̀, mo ya ògiri ilé ìdáná. Mo wá fa ìlà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Gíga ínǹṣì 15 ń béèrè ẹsẹ̀ bàtà 15. Ìlà náà gba inú ògiri ilé ìdáná kọjá, ó tún fi ẹsẹ̀ bàtà 6 wọ inú ilé ìdáná lọ!

Mo wá ya èyí tí káfíńtà ṣe. Ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 1, ó ń wọlẹ̀ ní ínǹṣì 3, ìlọ́po mẹ́ta ohun tó yẹ. Mo wo àwòrán yẹn títí. Mo rí ibi tí ẹsẹ̀ màmá mi ti yọ̀. Kì í ṣe òjò nìkan, kì í sì í ṣe káfíńtà. "Gùn díẹ̀" tí mo fẹnu sọ ni.

Bí kì í bá ṣe àwòrán, ǹ bá tún pe ẹlòmíràn, kí n sanwó lẹ́ẹ̀kejì, kí n sì tún kọ́ ewu mìíràn sí ẹnu ọ̀nà ìyá mi. Mo fi ọ̀rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sílẹ̀. Mo ya àtẹ̀gùn tuntun: ìgòkè mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ínǹṣì 5, kò sí èyí tó ju èkejì lọ. Ibi ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan jin ní ínǹṣì 18, kí gbogbo ẹsẹ̀ lè balẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ. Mo fi irin ìdìmú sí ọ̀tún àti òsì, ó ga ní ínǹṣì 34, ó nípọn ní ínǹṣì kan àbọ̀ kí ọwọ́ lè ká a dáadáa.

Mo lọ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Nígbà tí bíríkìlà rí i, ó ní, "Ta ló ya eléyìí, mà?" Mo ní èmi ni. Ó wò mí, ó wo pépà, ó wá fi ìka sí ibì kan. Ó ní mo gbàgbé símẹ́ńtì tí òun máa fi rẹ́ ojú rẹ̀. Bí a kò bá yọ sísanra rẹ̀ kúrò, ìgòkè ìsàlẹ̀ á ga jù, tòkè á sì kúrú. Ẹ ò rí nǹkan! Àìdọ́gba tí mo ń sá fún gan-an ni ìbá tún gba ẹ̀yìn wọlé. Mo tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwòrán kò sọ pé kí ẹ má gbọ́ ti oníṣẹ́ ọwọ́. Ohun tó ṣe ni pé ó jẹ́ kí ẹ̀yin àti òun jọ máa wo ohun kan náà.

Ẹ TỌ́JÚ ARA YÍN NÍDÌÍ RẸ̀

1. Ojú: Kọ̀ǹpútà kì í fọ́ ojú, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kó rẹ ojú, kó sì gbẹ, nítorí a kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ bí a bá tẹjú mọ́ ọn. Ní gbogbo ìṣẹ́jú 20, ẹ gbójú sókè, kí ẹ wo ohun tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, awò tí ẹ fi ń ka Bíbélì tàbí Kùránì lè má bá kọ̀ǹpútà mu, torí kọ̀ǹpútà jìnnà sójú ju ìwé lọ. Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ẹ sọ fún un bí kọ̀ǹpútà yín ṣe jìnnà sí yín tó, kí ó sì bá yín wo ìfúnpá inú ẹyinjú pẹ̀lú.

2. Ẹ̀yìn àti ọrùn: Ẹ má jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ya àwòrán. Ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn, kí ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀, kí kọ̀ǹpútà wà ní ìwọ̀n apá kan sí ojú yín, kí ẹ má sì tẹrí ba jù. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ dìde, ẹ rìn yí ilé ká. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣeré.

3. Ọwọ́: Ẹ jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ yín tọ́ lórí máòsì. Bí àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e bá ń kú tipiri lóru, ẹ sinmi, kí ẹ sì lọ rí dókítà.

4. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n: Bàbá, tiyín rèé. Níbi iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ọwọ́ ló ń pinnu ibi tí ìlà máa dé. Ẹ óò tẹ nọ́ńbà, ìlà á sì gùn tó nọ́ńbà náà gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá sún mọ́ orí ìlà mìíràn, kọ̀ǹpútà á fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ tí kò lè fa ìlà tó tọ́ sórí pákó mọ́ ṣì lè ya àga tó tọ́. Àmọ́ ẹ má sọ pé ọjọ́ ogbó ló ń gbọ̀n ọ́n. Oògùn kan lè fà á, àìsàn kan sì lè fà á tó ní ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó.

5. Jẹnẹrétọ̀: Nítorí iná kọ̀ǹpútà, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sí ilé ìdáná tàbí sábẹ́ fèrèsé. Gáàsì inú èéfín rẹ̀ tó ń pani kì í rùn. Ìta gbangba, jìnnà sílé, ni kó wà.

Ẹ̀YIN ÒBÍ

Bí ọmọ yín, ọkùnrin tàbí obìnrin, bá ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, ẹ má fi ariwo bẹ̀rẹ̀ bíi tèmi. Ẹ fa àga, kí ẹ ní, "Kí lò ń yà? Fi hàn mí." Bí ó bá jẹ́ irú iṣẹ́ yìí ni, ẹ fún un ní téèpù, ẹ ní kó lọ wọn kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, kó sì yà á. Ìṣirò tó ń sá fún ní ilé ìwé á bá a níbẹ̀. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà sí pálọ̀, kí ẹ sì fi àkókò sí i. Ti àwọn kéékèèké ni kí ẹ ṣọ́ jù: Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọ́dọ̀ jókòó síwájú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, kó tiẹ̀ dín sí i ló dáa jù.

Ìmọ̀ràn mi kò ju èyí lọ. Ẹ mú nǹkan kékeré kan tí ilé yín nílò lóòótọ́: àpótí tí màmá á máa jókòó lé wẹ̀, ibi tí ẹ óò to bàtà sí, irin ìdìmú ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ mú sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ kan tí kọ̀ǹpútà yín lè gbé, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀ títí nǹkan náà yóò fi dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan tí ẹ parí ló máa kọ́ yín ní èkejì.

Ní Sátidé tó kọjá, mo dé ilé màmá mi, n kò bá wọn ní pálọ̀. Mo gba ẹ̀yìn. Wọ́n wà nídìí adìẹ wọn. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n di irin ọwọ́ ọ̀tún mú, wọ́n gòkè ní ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n kò wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Àwọn adìẹ yìí ti fẹ́ pa ewédú mi run o. Bá mi fi kọ̀ǹpútà rẹ yẹn ya ọgbà sí i."

Mo ti wọ̀n ọ́n. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.